ÀRÙN LÀ Ń WÒ, A KÌ Í WO IKÚ

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìlú wa, tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, sọ níbi àpèjọ ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú wa)

  

Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ kọ̀wé sí mi, ó ní kí n sọ ohun tí ó bá wù mí, níwọ̀n bí ó bá ti jẹ mọ́ ìlera. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí ọ̀rọ̀ nípa omi mímu, tàbí ibà, tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé. Ọ̀rọ̀ pàtàkì ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí mo gbé wá lónìí jẹ́ èyí tí a kì í fẹ́ sọ lọ́jọ́ ọdún: bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò gbóògùn mọ́, àti ohun tí àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ̀ nípa irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi.

Àwọn baba wa a máa wí pé, "Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn, nílé àti ní ilé ìwòsàn, ń fi òwe yìí sá fún aláìsàn. Bí dókítà bá ti wí pé àrùn náà kọjá agbára òun, gbogbo wa a sọ pé ikú ni ó kù, a kì í sì í wo ikú. A ó wá gbàgbé pé ẹni tí ó wà lórí ẹní náà kò tíì kú. Ìrora ń bẹ lára rẹ̀. Àrùn ni ìrora. Òórùn egbò ń dà á láàmú, àrùn ni. Kò rí oorun sùn, àrùn ni. Ẹ̀rù ń bà á, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ nítorí àwọn ọmọ rẹ̀. Àrùn ni èyí pẹ̀lú. Gbogbo ìwọ̀nyí ni a lè wò.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ níwájú yín. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, mo wà ní ọdún ìkẹyìn nínú ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Àbúrò bàbá mi obìnrin kan ń yan gàrí ní abúlé wa lọ́nà Akánrán. Jẹjẹrẹ mú un lọ́mú. Nígbà tí ó fi sọ fún ẹnikẹ́ni, ọmú náà ti di egbò. Ilé ìwòsàn tí a gbé e lọ ní kí a máa gbé e lọ sílé, pé kò sí ohun tí àwọn tún lè ṣe. Oògùn ẹ̀fọ́rí ni wọ́n kó lé wa lọ́wọ́.

Gbogbo ẹbí wá gbójú lé mi. Wọ́n ní, "Ṣebí nọ́ọ̀sì ni ọmọ wa." Lóru, ìyá yìí a máa ki etí ìró rẹ̀ bọ ẹnu, a sì máa gé e jẹ kí àwọn ọmọ má baà gbọ́ igbe rẹ̀. Ní òru ọjọ́ kẹta, ó wò mí lójú, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé wọn kò kọ́ yín ní ti èyí ni?" N kò rí èsì fọ̀. Mo mọ bí a ti í tẹ́ ibùsùn aláìsàn. Mo mọ bí a ti í ka ìlù ọkàn. Mo mọ bí a ti í wẹ òkú, tí a ń pa á lójú dé, tí a sì ń fi aṣọ funfun wé e. Wọ́n ti kọ́ mi ní ohun tí a ń ṣe fún ènìyàn lẹ́yìn tí ó bá kú. Wọn kò kọ́ mi ní ohun tí a ń ṣe fún un kí ó tó kú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo purọ́ pé wọ́n ń retí mi ní ilé ẹ̀kọ́, mo sì wọ mọ́tò padà sí Ìbàdàn. Ọjọ́ kọkànlá ni ó kú. N kò sí níbẹ̀.

Kì í ṣe ìkà ni ó mú mi sá. Mo fẹ́ràn ìyá náà. Àìmọ̀ ni ó lé mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìfẹ́ láìsí ìmọ̀ kò lè dúró lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ní báyìí, kí ni ìtọ́jú tí mo ń wí yìí? Èmi a máa pè é ní ìtọ́jú amáratuni. Ìtọ́jú ni fún ẹni tí ó ní àrùn líle tí ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀: jẹjẹrẹ, àìsàn ọkàn, àìsàn kíndìnrín, éèdì, rọpárọsẹ̀, àti àwọn ọmọ wa tí fòníkú-fọ̀ládìde ń bá jà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ìrora kúrò, láti dín èébì, ìmíhẹlẹ àti àìsùn kù, láti tu ọkàn aláìsàn àti ti ẹbí rẹ̀ lára. Kò dúró de ọjọ́ ìkẹyìn. Láti ọjọ́ tí a bá ti mọ àrùn ni ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀, kí òun àti oògùn tí ń wo àrùn jọ máa rìn pọ̀.

Obìnrin tí ó la ọ̀nà yìí ní ayé òde òní, nọ́ọ̀sì ni kí ó tó di dókítà. Cicely Saunders ni orúkọ rẹ̀, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1957 ni ó gboyè dókítà, ní 1967 ni ó sì ṣí ilé ìtọ́jú St Christopher's ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí ó kọ́ ayé ni pé ìrora kì í ṣe ti ara nìkan: ìrora ọkàn ń bẹ, ìrora àìlówó àti àìrẹ́ni-bá-sọ̀rọ̀ ń bẹ, ìrora ẹ̀mí sì ń bẹ. Ẹni tí ó bá wo ọ̀kan tí ó fi ìyókù sílẹ̀ kò tíì wo aláìsàn náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní 1952 ni ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí ó di ti UCH bẹ̀rẹ̀ ní Adéọ̀yọ́. Ní 1957, ọdún kan náà tí Saunders di dókítà, ni a ṣí ilé ìwòsàn UCH fúnra rẹ̀. Ní 1965 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní ẹ̀kọ́ olóyè, kí yunifásítì mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní UCH yìí náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo, dókítà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti oògùn tí a fi ń kun ènìyàn lóorun àti ti ìrora, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ìtọ́jú amáratuni sílẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ a sì máa tẹ̀lé aláìsàn dé ilé. Nítorí náà, orísun omi wà nítòsí wa. Ohun tí ó kù ni bí omi náà yóò ṣe ṣàn dé Ìkèrèkú, dé Ejíòkú, dé Erúnmu, àti dé Akánrán.

Àwọn tí yóò gbé omi náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì. Ǹjẹ́ kí ni wọ́n mọ̀? Ní 1996, àwọn olùwádìí kan ní Kánádà ṣe ìdánwò oníbéèrè 20 láti fi wọn ìmọ̀ nọ́ọ̀sì nípa ìtọ́jú yìí. Ẹni tí a bi yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, tàbí pé òun kò mọ̀. Ṣáájú èyí, ní 1991, Katherine Frommelt ní Amẹ́ríkà ti ṣe òmíràn tí ó ní gbólóhùn 30, láti fi mọ bí ọkàn ènìyàn ti rí sí ẹni tí ń kú lọ: ṣé o lè jókòó tì í, ṣé o lè bá a sọ̀rọ̀ ikú bí ó bá dá a sílẹ̀, ṣé o ka ẹbí rẹ̀ sí. Káàkiri ayé ni a ti lo méjèèjì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, títí kan ilẹ̀ wa. Ohun tí ó sábà máa ń hàn ni pé ọkàn àwọn ọmọ náà dára ju ìmọ̀ wọn lọ. Wọ́n fẹ́ ṣe é. Wọn kò mọ̀ ọ́n ṣe. Bí èmi náà ti rí ní Akánrán nìyẹn.

Ní gbogbo ìgbà tí mo fi kọ́ni, àṣìṣe mẹ́rin ni mo ń bá pàdé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa.

Èkíní ni pé wọ́n rò pé ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn nìkan ni ìtọ́jú yìí wà fún. Mo ti sọ̀rọ̀ lórí èyí.

Èkejì ni ẹ̀rù mọ́fíìnì. Mọ́fíìnì ni oògùn ìrora líle tí ayé mọ̀ jù lọ. Ní 1986, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi àkàsọ̀ onípele mẹ́ta lélẹ̀ fún ìrora jẹjẹrẹ: ìpele kìíní ni oògùn bíi parasitamọ́ọ̀lù, èkejì ni oògùn bíi kodéènì, ẹ̀kẹta sì ni mọ́fíìnì. A lè po ó mọ́ omi kí aláìsàn máa gbé e mì ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, láìdúró kí ìrora kọ́kọ́ padà dé. Àwọn ọmọ wa rò pé ẹni tí ó bá mu ún yóò di ọ̀mùgọ̀ tí kò lè yé mu ún, tàbí pé yóò tètè kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tí ó mọṣẹ́ bá wọ̀n ọ́n, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀nba, tí ó sì ń fi kún un bí ìrora bá ti tó, kì í pa aláìsàn, kì í sì í sábà sọ ẹni tí ó ń jẹ̀rora di ẹrú oògùn. Ohun tí ó máa ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ìgbẹ́ yà, nítorí náà a gbọdọ̀ fi oògùn tí ń mú inú rọ̀ tì í láti ọjọ́ kìíní. Ó tún lè mú oorun àti èébì wá fún ọjọ́ mélòó kan. Ìjọba ń ṣọ́ oògùn yìí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún ara rẹ̀ tàbí fi sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ ọmọdé tó.

Ẹ̀kẹta ni pé wọ́n rò pé nọ́ọ̀sì rere ni ẹni tí ó sé ọkàn rẹ̀ le. Wọ́n a máa sáré kọjá lẹ́bàá ibùsùn ẹni tí kò ní yè, bí ìgbà tí ènìyàn ń sá fún ẹni tí ó jẹ ní gbèsè. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè da omi lójú kí ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ í ṣe.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ òtítọ́. Ẹbí a máa wí pé, "Ẹ má sọ fún un o." Akẹ́kọ̀ọ́ a sì dákẹ́, tàbí kí ó purọ́. Àwa Yorùbá ti ní ọgbọ́n tí ó bá èyí mu: àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Nọ́ọ̀sì tí ó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ bi aláìsàn pé, "Kí ni ẹ̀yin fúnra yín rò nípa àìsàn yìí? Kí ni ẹ fẹ́ mọ̀?" Ẹ óò rí i pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni aláìsàn ti mọ̀, tí ó sì ń dákẹ́ nítorí àwa.

Báwo ni a ṣe ń wo àṣìṣe wọ̀nyí sàn? Ìwé nìkan kò tó. Ní 2014, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fẹnu kò nínú àpèjọ Àjọ Ìlera Àgbáyé pé kí a fi ìtọ́jú yìí kún ẹ̀kọ́ gbogbo dókítà àti nọ́ọ̀sì. Ní 2021, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà náà gbé ìlànà tirẹ̀ jáde. Ó dára. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ gbọdọ̀ fi ojú rí i. Ní 1963, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ sí Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá, kí wọ́n máa gbé láàárín àwọn àgbẹ̀, kí wọ́n sì mọ bí àìsàn ti rí nílé aláìsàn. Ohun tí a ṣe fún ìlera gbogbo gbòò ní Ìbàràpá, a lè ṣe é fún ìtọ́jú amáratuni ní Akínyẹlé, ní Lágelú, ní Ẹgbẹ́dá àti ní Ọ̀nà-Àrà.

Mo sọ èyí nítorí ohun tí mo rí. Kí n tó fẹ̀yìn tì, mo tẹ̀lé nọ́ọ̀sì kan àti akẹ́kọ̀ọ́ méjì lọ wo bàbá olóko kòkó kan ní abúlé kan ní agbègbè Lágelú. Jẹjẹrẹ ti wọ inú eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò fẹ́ wọlé; ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí a fẹ́ nà. Bàbá ti wà lórí oògùn olómi náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní kí a gbé òun jáde sábẹ́ igi ọsàn, ó sì pe àwọn ọmọ rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá nawọ́ sí ààlà oko, ó ń sọ ti ẹni kọ̀ọ̀kan, kí wọn má baà bá ara wọn dé kóòtù lọ́jọ́ iwájú. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwa nọ́ọ̀sì ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí a ń padà lọ, ọmọbìnrin náà sọ fún mi pé, "Mà, mo rò pé òkú ni a ó bá níbẹ̀. Ènìyàn ni mo bá." Lọ́jọ́ yẹn ni ó kọ́ ohun tí n kò rí ẹni kọ́ mi ní gbogbo ọdún tí mo fi wà nílé ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin ará mi, ìdajì ìtọ́jú yìí wà lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀. Bí ẹnìkan bá dùbúlẹ̀ ní abúlé wa, aládùúgbò a bá a pọnmi, a bá a fọṣọ, a gbé àmàlà wá, a sì jókòó tì í títí òru. Ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní òkè òkun ń wá irú èyí, wọn kò rí i. Ìdajì kejì ni a kò ní: oògùn tí ń pa ìrora, àti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílò wa, àwa náà nílò wọn. Ẹ wo Ùgáńdà: ní 1993, Dókítà Anne Merriman dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú mọ́fíìnì olómi tí owó rẹ̀ kò wọ́n, ní 2004, ìjọba ibẹ̀ yí òfin padà kí àwọn nọ́ọ̀sì tí a kọ́ ní àkànṣe lè máa kọ oògùn náà fún aláìsàn fúnra wọn. Nítorí kí ni? Nítorí pé nọ́ọ̀sì ni ó ń dé abúlé.

Ayé kò tíì ṣe tó. Ní 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 56.8 ènìyàn ni ó nílò irú ìtọ́jú yìí lọ́dọọdún, àti pé nǹkan bí 14 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó ń rí i gbà. Ìyá mi kékeré, tí ó gé etí ìró rẹ̀ jẹ, wà lára irú àwọn tí kò rí i gbà.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni mo ń bẹ Ẹgbẹ́ wa fún.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí Ẹgbẹ́ kọ̀wé sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí ó wà ní Ìbàdàn, kí a sọ fún wọn pé ilẹ̀kùn wa ṣí sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ wọn bá mú wá. A ó fún wọn ní yàrá tí wọn yóò sùn, a ó sì fi ẹni tí ó mọ ọ̀nà oko tì wọ́n.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí a ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ọdún wa fún ọkọ̀ tí yóò gbé nọ́ọ̀sì dé ọ̀dọ̀ aláìsàn tí kò lè dìde. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, ẹ̀yin ni mo ń bá wí ní pàtàkì. Bí bàbá tàbí ìyá yín bá kú, ẹ máa ń fi owó ránṣẹ́: owó màlúù, owó àgọ́, owó aṣọ ẹbí. N kò ní kí ẹ má sin òkú yín. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń ra màlúù kan lè mú ọ̀pọ̀ aláìsàn sùn fọnfọn fún ọjọ́ pípẹ́. Ẹ fi díẹ̀ ránṣẹ́ nígbà tí wọn yóò ṣì jẹ́ ẹni tí yóò dúpẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ìyá àti baba, ẹ má fi aláìsàn pamọ́ fún wa. Ẹ má wí pé ayé ni ó ṣe é, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rí i. Ẹ tètè ké sí nọ́ọ̀sì, kí ó má jẹ́ pé egbò ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Mo ti dàgbà. Èmi náà yóò dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ kan, bí gbogbo wa. Lọ́jọ́ náà, n kò ní bẹ ẹnikẹ́ni pé kí ó wo ikú fún mi. Ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin kan tí ó wọ aṣọ akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì bá wọlé, tí mo sì bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n kọ́ yín ní ti èyí?", ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n kọ́ wa. Ní abúlé yín ni a sì ti kọ́ ọ."